Ẹfun Tútù Lẹ́nu Ọ̀nà Ẹ̀wọ̀n Àtijọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi lò pọ̀ kẹ́yìn, a ra iṣu. A rà á ní ọjà Rye Lane, a gbé e délé, Ìyá Àmínà fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ dúdú láti orí dé ìdí. Ó fi bébà wé e padà, ó ní kí n gbé e lọ bá ẹni tó tà á fún wa. Mo lọ. Mo dúró níwájú ìsọ̀ náà bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkùnrin tó ń ta iṣu náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí, àwọn oníbàárà sì pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ra ata rodo, mo sì gbé iṣu wa padà sílé.

Nígbà tí ìyàwó mi rí bébà náà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Bàbá Àmínà, ẹ tún wá bá a ra ata kún un?" Ó wọ bàtà rẹ̀, ó gba iṣu, ó jáde. Kò pẹ́ tó fi dé pẹ̀lú iṣu mìíràn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta tí ọkùnrin náà fi tù ú nínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ló ní orí ń fọ́ òun. Kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. A kò jẹ iṣu náà.

Ẹgbẹ́ mùsùlùmí àdúgbò wa ní Peckham ti sọ fún àwa tó ti fẹ̀yìn tì pé kí a kọ ìtàn iṣẹ́ wa fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ ohun tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe. Àwọn yòókù ti kọ tiwọn tipẹ́. Èmi ni mo kẹ́yìn. Mo fẹ́ kọ ọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an, àti ohun kan tí mo ṣe nínú rẹ̀, tí mo rò fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ìyàwó mi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ilé àtijọ́ ni mo ń tún ṣe. Ìlú kékeré kan wà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkọ̀ ojú irin máa ń gbé mi débẹ̀ láti Peckham ní nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun ni olú-ìlú ẹkùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè rin ín já kí tíì tí ẹ gbé sílẹ̀ tó tutù. Ohun márùn-ún ló ní tí àlejò ń torí rẹ̀ wá: ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé aago, afárá olókùúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti sọ di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, àti ilé ọjà tó dúró lórí òpó òkúta, tí abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi yí àwọn márààrún po. Nígbà tí mo bá fi máa parí ẹ̀karùn-ún, èkínní á ti tún fẹ́ ọwọ́.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Mo wá sí London láti kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ilé, kò sì ṣeé ṣe títí dé òpin. Ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ kan ní apá Surrey Quays, tó ń bá ìlú náà tún ilé ṣe, ń wá ẹni tó lè gbé nǹkan wúwo. Mo lè gbé e. Owó rẹ̀ tó wa jẹun, ẹ jẹ́ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ń jẹ́ Dẹ́nísì. Ní ọjọ́ kìíní ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. N kò lè ṣe é, ó tó bàbá mi. Mo pè é ní Ọ̀gá. Ó bi mí ohun tó túmọ̀ sí, mo sọ fún un, ó ní ìyá òun gan-an kò pọ́n òun lé tó bẹ́ẹ̀ rí. Kí oṣù yẹn tó parí, gbogbo òyìnbó ibi iṣẹ́ ti ń pè é ní Ọ̀gá pẹ̀lú ohùn imú wọn, àwọn tó dé lẹ́yìn wa sì rò pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Kì í ṣe símẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ àwọn ilé wọ̀nyẹn. Òkúta funfun kan ni wọ́n ń sun nínú iná. Bí a bá da omi sí i, á hó bí ìkòkò ọbẹ̀, á wá di ohun rírọ̀ bí ògì. Èyí la ń pò mọ́ yanrìn. Ẹfun ni mo máa ń pè é, torí n kò mọ orúkọ mìíràn fún un lédè wa. Símẹ́ǹtì a máa gan lọ́jọ́ kan, á sì le ju òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹfun kì í yára. Ó fẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó fẹ́ kí a fi àpò tútù bò ó lójú oòrùn, kí a fi àpò gbígbẹ bò ó nígbà òtútù, kí a máa lọ wò ó bí ìkókó. Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ògiri mí. Bí ilé bá rìn díẹ̀, ẹfun á bá a rìn. Ìdí nìyẹn tí ilé wọ̀nyẹn fi dúró láti ayé àwọn tí a kò mọ̀.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan òkúta. Yanrìn ni mo ń jọ̀. Ọ̀gá á bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò omi, á mì í, á gbé e sílẹ̀, á máa mu tíì rẹ̀. Bí omi náà kò bá tíì mọ́ nígbà tó bá mu tíì tán, ẹrẹ̀ ṣì wà nínú yanrìn nìyẹn, mo sì máa jọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gbàdúrà kí tíì náà gbóná. Ògiri àkọ́kọ́ tí mo mọ kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, lẹ́yìn ilé aago. Ó wò ó, ó gbé bàtà lé e, ó tì í wó. Mo mọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó wó o lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó rò ó, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Oríyìn tí mo gbà lọ́dún yẹn nìyẹn.

Bó ṣe le tó, òun ló ń rántí àkókò ìrun mi. Bí ọ̀sán bá pọ́n, á kígbe láti orí pákó tí a ń gùn ṣiṣẹ́ pé, "Ọ̀gá rẹ tòkè ń pè ọ́." Á ti bá mi tẹ́ páálí mímọ́ sílẹ̀ nínú ilé irinṣẹ́, á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé wá mú òòlù.

Òfin kan wà tó ń tún sọ láràárọ̀ kí a tó gùn: bí o bá rí nǹkan, sọ ọ́, kò kàn mí ẹni tó ṣe é. Mo gbọ́ òfin náà fún ọdún mẹ́jọ. N kò rò ó rí pé òun alára wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún kẹsàn-án, mo ṣàkíyèsí pé ojú Ọ̀gá ti ń lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wo òkúta. Ó ní kí n máa ka ìwé àwòrán sókè, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè kà á. Lọ́jọ́ kan ní ìgboro, ó bọ́ fìlà, ó kí òpó iná kan, ó rò pé alákòóso ìlú ni. Èmi náà bá a kí i. A kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí a fi dé ibi iṣẹ́.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n la wà lọ́dún yẹn. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga, òkè rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, àwọn òkúta òkè náà sì ti ń yẹ̀ kúrò láyè wọn. A tú u palẹ̀, a kọ nọ́ńbà sára òkúta kọ̀ọ̀kan, a sì tún un mọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ irú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òkúta kò lè dúró lófuurufú fúnra rẹ̀. Igi la kọ́kọ́ ń gbẹ́ kó tẹ̀ bí ọrun náà, a ó gbé e ró láti ìsàlẹ̀, a ó wá to òkúta lé e lórí. Abẹ́ igi yìí ni ìhá ń wà, àwọn igi kéékèèké tó rí ṣóńṣó, tí a fi òòlù há wọlé. Tí ẹfun bá ti gan, a ó máa lu ìhá wọ̀nyí jáde, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, títí igi yóò fi sọ̀ kalẹ̀, tí òkúta yóò máa ru ara wọn. Kò sí ìgbà tí iṣẹ́ wa léwu tó ìgbà náà. Bí a bá yọ igi kí ẹfun tó gan, kò sí ohun tó mú òkúta mọ́.

Òtútù ti mú gan-an lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, a sì ti fi àpò bò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ yọ ìhá, èrò ti dé: alákòóso ìlú, àwọn oníwèé ìròyìn, àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń dúró kí Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, kí wọ́n lè gba iṣẹ́ ìlú náà. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ ọ́ lẹ́yìn wa, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, pé bàbá yìí kò ríran mọ́, pé adúláwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bá a ríran. Ọ̀gá gbọ́. Etí rẹ̀ pọ́n.

Ó gun apá ọ̀tún, èmi gun apá òsì. Ó fi ìka tọ àárín àwọn òkúta lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní ó dáa. Mo ká àpò sókè lọ́dọ̀ tèmi. Ẹfun tó ti gan máa ń funfun. Èyí tí mo rí dúdú bí eérú tí omi dà sí, láti òkúta kejì títí dé òkúta àárín tó di gbogbo rẹ̀ mú lókè. Mo tẹ̀ ẹ́. Èékánná mi wọlé.

Ọ̀gá ní, "Ṣé kò sí nǹkan lọ́dọ̀ rẹ?"

Mo wo ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn gbójú sókè. Bí mo bá sọ ọ́, ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ lẹ́yìn wa á di òótọ́ lójú gbogbo ènìyàn, ẹnu mi ló sì máa ti jáde. N kò tíì sọ fún àgbà kan rí láyé mi, lójú èrò, pé ó ṣe àṣìṣe. Mo rò ó pé tí a bá sọ̀ kalẹ̀, n ó fà á sí kọ̀rọ̀. Mo gbàgbé pé a kò ní sọ̀ kalẹ̀ kó tó lu ìhá.

Mo ní, "Kò sí, Ọ̀gá."

Ó yí etí sí ọ̀dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ó gbé òòlù.

Ìhá kẹta ló ń jáde lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan bíi ti aṣọ tó ya. Apá òsì rọ̀ wálẹ̀ lójú mi bí ẹni tó rẹ̀. Mo fò sẹ́yìn. Ọ̀gá kò rí ibi tí yóò fò sí. Òkúta àárín bọ́ lu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì gbé e lọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n wọ́n gé ìka mẹ́ta kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kò sì san tán. Kò gun pákó mọ́ títí ó fi kú.

Wọ́n ṣe ìwádìí. Ọ̀gá sọ fún wọn láti orí ibùsùn pé òun nìkan ló jẹ̀bi. Wọ́n bi mí bóyá mo rí ohun kan. Mo ní n kò rí nǹkan. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.

Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó máa ń wọ̀ lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní Lewisham. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Ọ̀wọ̀ kọ́ nìyẹn, Bàbá Àmínà. Ẹ̀rù ni. Ẹ lọ sọ fún un."

Mo lọ. Mo ra èso, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo jókòó sí ìyẹ̀wù rẹ̀, a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti irú yanrìn tí wọ́n ń tà lóde òní. Mágárẹ́ẹ̀tì, ìyàwó rẹ̀, á gbé tíì fún wa, á sì máa wo èmi àti ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de nǹkan. Mo padà sílé láìsọ ọ́. Mo lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ìyá Àmínà kì í bi mí mọ́, á kàn wo ojú mi nígbà tí mo bá ń bọ́ bàtà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, Ọ̀gá kú. Mo wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀.

Èmi ni wọ́n ti fi rọ́pò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà tí òkúta ti bọ́ lù ú, n kò sì lè sọ pé n kò fẹ́ ẹ. Àwọn irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Òòlù onígi di ẹ̀rọ alágbára tó ń jẹ òkúta bí ẹni jẹ ṣúgà, tí eruku rẹ̀ ń wọ inú àyà ènìyàn. Ẹ má lò ó láìfi nǹkan bo imú. Ẹfun tí a ń fi ọ̀sẹ̀ pò bẹ̀rẹ̀ sí í dé nínú ike, ó ti pò tán. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó ń fò bí ẹyẹ ya àwòrán orí ilé aago, ẹni tó ń darí rẹ̀ á jókòó nísàlẹ̀, á máa jẹ búrẹ́dì. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo kọ́ ló jọ yanrìn fún oṣù mẹ́fà, mo sì ń béèrè lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo ènìyàn pé kí ni ẹ rí tí ẹ kò fẹ́ sọ. Wọ́n rò pé ìwà mi ni.

Àwọn àlejò ìlú náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní kí n ya àwọn ní fọ́tò, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí iṣẹ́ mi, wọ́n á sì bi mí ibi tí nǹkan wíwò wà. Lọ́jọ́ kan nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, mo jókòó nínú yàrá ẹlẹ́wọ̀n kan, mo ń jẹun ọ̀sán. Ìyá àgbà kan yọjú sí mi láàárín irin, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ni mo ṣe. Mo ní mo gbàgbé láti bo ògiri. Ó mi orí, ó ní kò yẹ kí wọ́n fi ìyà jẹ mí tó bẹ́ẹ̀.

Ó tó ọdún márùn-ún tí mo ti fẹ̀yìn tì kí Ìyá Àmínà tó kú. Lẹ́yìn tí a sin ín, mo wá rí i pé ẹnu kan ṣoṣo ló wà nílé wa, òun sì ni ó ní i. Òun ló ń bá dókítà sọ̀rọ̀, òun ló ń bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, òun ló ń sọ fún aládùúgbò pé kó rẹ rédíò sílẹ̀. Àmínà, ọmọ wa tó ń gbé ní Sydenham, gba gbogbo rẹ̀ ṣe. Á dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú fóònù méjì. "Daddy, ẹ má worry, mo ti email wọn, mo máa call GP on Monday." Oṣù mẹ́rin, n kò dá ohun kan ṣe. Ẹni tó bá wá kí mi, Àmínà ló ń sọ fún un bí màmá rẹ̀ ṣe kú. Èmi a máa mi orí.

Lẹ́tà kan wà tí ìyàwó mi ti dáhùn kó tó lọ. Ìlú yẹn ti tún ilé ọjà ṣe, ilé iṣẹ́ kan tí n kò mọ̀ ló ṣe é, wọ́n sì fẹ́ ṣí i. Wọ́n pè wá. Mágárẹ́ẹ̀tì, opó Ọ̀gá, ni alága ẹgbẹ́ tó kó owó rẹ̀ jọ. Àmínà ní òun fẹ́ gbé mi lọ, ṣùgbọ́n wọ́n yí shift rẹ̀ padà. Ó ní, "Daddy, ẹ call mi tí ẹ bá ti dé o, promise." Mo lọ nìkan.

Mo dé ní wákàtí kan ṣáájú. Wọ́n ti to àga sábẹ́ ilé ọjà, wọ́n sì ti to bẹ́ǹṣì sábẹ́ ẹnu ọ̀nà àárín tó tẹ̀ bí ọrun, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé yóò ti dúró kọrin. Ojú mi lọ sókè, bó ṣe máa ń lọ fúnra rẹ̀. Símẹ́ǹtì ni wọ́n fi dí gbogbo àárín òkúta, ó dúdú, ó le. Omi kò ríbi gbà jáde mọ́, òkúta fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ kí omi gba inú òun kọjá, etí rẹ̀ sì ti ń ṣí bí èèpo alùbọ́sà. Òkúta àárín ti sọ̀ kalẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìwọ̀n èékánná kan. Eruku díẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Mo fi ọwọ́ gbá a nù. Mo dúró. Kò pẹ́ tí òmíràn fi bọ́ sórí rẹ̀.

Mo jókòó sórí àga kan lẹ́yìn pátápátá. Mo rò ó pé n ó pe Àmínà, kó bá mi pe ìjọba ìbílẹ̀. Àmínà wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo rò ó pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ní ìwé ẹ̀rí tó ju tèmi lọ. Mo rò ó pé ta ni mí. Ìgbà náà ni Mágárẹ́ẹ̀tì wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, ó wọ aṣọ àlàárì, gbogbo ojú rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo tẹrí ba. Ó wo ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Ó kú, Màmá. Oṣù mẹ́rin rèé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó ti ẹnu èmi fúnra mi jáde. Ó di ọwọ́ mi mú. Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́ báyìí, n kò ní sọ èkejì mọ́. Mo ní, "Màmá, òkúta àárín ń bọ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró síbẹ̀."

Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ nípa ilé kíkọ́ ti wò ó. Ó ní ọdún méje ni òun fi tọrọ owó ilé yìí, láti ojúlé dé ojúlé. Ó wá ní, "Ṣé kì í ṣe pé o ń bínú pé wọn kò gbé iṣẹ́ náà fún àwọn tí o kọ́?" Ó dùn mí, nítorí ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo yẹ inú ara mi wò níbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Mo rí i lọ́jọ́ ẹ̀wọ̀n náà. Ẹfun tútù. Ọ̀gá bi mí, mo ní kò sí nǹkan."

Ó ti gbé ojú kúrò lára mi, ó ń wo òkè.

"Dẹ́nísì sọ fún mi lọ́jọ́ tí òkúta náà bọ́ gan-an. Ó ní òun gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ pé o rí nǹkan. Ó ní ìgbéraga òun ló lu ìhá yẹn. Gbogbo ìgbà tí o bá gbé èso rẹ wá, ó ń retí kí o sọ ọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì lè sinmi. Èmi náà ń retí rẹ̀."

Mo ní kí ó jẹ́ kí a wá ẹnì kan láti ìjọba ìbílẹ̀ tó lè bá wa dá àwọn èrò dúró.

Ó ní, "Ìwọ lo rí i. Lọ ti ibẹ̀ pa."

Kí ẹ má bàa máa rò ó: nígbà tí onímọ̀ ilé kíkọ́ mìíràn fi wá wò ó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ni wọ́n fi yọ òkúta náà. Ilé ọjà ṣì wà ní títì bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń họ símẹ́ǹtì kúrò, wọ́n sì ní kí n wá fi bí a ṣe ń jọ yanrìn han àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo ń sọ, àfi èmi.

Mo rí okùn kan nínú àpótí àwọn tó to àga. Mo so ó mọ́ òpó ọ̀tún, mo fà á kọjá, mo so ó mọ́ òpó òsì. Mo gbé bẹ́ǹṣì kúrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, àwọn ọmọ náà ti ń bọ̀ láti ìgboro ní méjì méjì, olùkọ́ wọn wà níwájú, èrò wà lẹ́yìn wọn, alákòóso ìlú wà láàárín wọn. Olùkọ́ náà ti gbé ọwọ́ sókè láti gbé okùn. Mo dúró síwájú rẹ̀.

Mo ní, "Rárá. Ẹ má gba ibí." Kò dún tó. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́, wọ́n ń tì wá. Mo fa èémí, mo sì pariwo rẹ̀ kí gbogbo ìlú lè gbọ́.